Ojú Tí Mo Fi Pẹ́ńsù Wá

                                                                      Ilé Kẹta sí Ilé Ìfọṣọ,
                                                                      Òpópónà Ilé Ìkàwé,
                                                                      Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ìwọ tó di ọkọ mi tipátipá,

Kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ikọ́ tó ń yọ èyí àbígbẹ̀yìn lẹ́nu, ṣé ó ti rọlẹ̀? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń tún rédíò ṣe fún àwọn tí rédíò wọn ń sọ̀rọ̀ dáadáa kó tó débẹ̀? Bá mi kí i. Sọ fún un pé tiwa ṣì wà lórí àga níbi tó gbé e sí, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń retí rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń wú nígbà òtútù ti lọ sílẹ̀? Ó yẹ kí n máa fi “ẹ” kí ọ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé yín, ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ gba ìgbájú ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kan náà, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ara tèmi le. Ara ìyá rẹ, Màmá, náà le, ó ju bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ló sì mú lẹ́tà yìí gùn.

Mo mọ̀ pé o ó ti máa wí pé èmi Abẹ́rẹ́ ti gbàgbé rẹ. Lẹ́tà rẹ tó dé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi títí bébà rẹ̀ fi rọ̀ bí aṣọ. Kì í ṣe pé mi ò rí àyè kọ̀wé. Ohun tí o béèrè níbẹ̀ ni mi ò rí fún ọ. O ní bí mo bá ní àwòrán kan ti ẹ̀gbọ́n rẹ, ọkọ mi tó kú, kí n fi ránṣẹ́, kí àwọn ọmọ rẹ lè mọ ojú ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní ẹyọ kan. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn jò ní ọdún tó tẹ̀lé ìsìnkú, orí àpótí àwòrán gan-an ló ń kán sí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí mo ṣí i, gbogbo wọn ti lẹ̀ mọ́ra. Mo ń rọra ya wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo sì ṣe ń yà wọ́n ni ojú ń bó kúrò lára wọn. Aṣọ ìgbéyàwó wa wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, ọwọ́ tó gbé lé mi léjìká wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà, funfun báláú. Mo kó wọn dànù kí Màmá tó jí lójú oorun ọ̀sán, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo rò nígbà yẹn pé ojú ọkọ mi ṣì wà nínú orí mi, pé ibẹ̀ kì í jò. Ìwọ náà rántí pé wọn ò jẹ́ kí n rí i lọ́jọ́ tó já bọ́ láti orí òpó iná. Wọ́n ní kí n máa rántí rẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn rere ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A ò sì bí ọmọ tí n bá máa wo ojú bàbá rẹ̀ lára rẹ̀. Ìwọ, Màmá lo gbé jáde láìku ẹyọ kan. Ọkọ mi kò jọ ẹnikẹ́ni nínú yín.

Lọ́jọ́ kan ní ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo ń tún ọrùn ẹ̀wù oníbàárà kan rán, ẹ̀wù búlúù bí èyí tí ọkọ mi máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo bá di ojú kí n lè rí i díẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò wá. Mo rí irun rẹ̀, mo rí ọrùn ẹ̀wù náà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ pàápàá tó ń béèrè ibi tí mo kó ìbọ̀sẹ̀ òun sí. Àárín wọn ṣófo bíi ti àwọn àwòrán yẹn. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ ló fọwọ́ kàn mí, ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti gún mi ni. Ẹ̀jẹ̀ ti kán sára ẹ̀wù onítọ̀hún.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí yàwòrán. Má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé o rántí gáùn tí mo yà nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá wa béèrè bóyá àgọ́ ni. Mo fi ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà sórí bébà, mo fẹ́ mú ojú náà kó tó lọ pátápátá. Ohun tó jáde jọ ọ̀dùnkún tó ní etí. Mo ya òmíràn, ọ̀dùnkún náà tún bínú sí i. Mo jókòó tì í, ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí, mi ò mọ èyí tí n bá jẹ́ kó jáde ṣáájú.

Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé pé bàbá kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kun pátákó ìpolówó fẹ́ máa kọ́ àgbàlagbà ní àwòrán yíyà lọ́fẹ̀ẹ́, nínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn. Mo kọjá níbẹ̀ léraléra kí n tó wọlé. Ìtìjú ni. Nígbà tí mo wọlé, mo bá alápatà kan níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó ìkòkò, ó ń fi pẹ́ńsù kékeré ya òdòdó. Mo bá agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé kò lè fa ìlà láìyọ ahọ́n. Ọkàn mi balẹ̀. Bàbá Onípátákó, bí a ṣe ń pè é, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan ń gbọ̀n, èkejì ló fi máa ń dì í mú. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ yà. Mo ní ojú ọkọ mi.

Ó ní, “Ṣé ó lè wá jókòó fún wa níbí?”

“Kò lè wá, sà. Ó ti kú.”

“Àwòrán rẹ̀ ńkọ́?”

“Òjò ti bà á jẹ́.”

Bàbá dìde. Ó lọ gbé ife onírin kan tó ti họ létí wá, ó gbé e síwájú mi. Ó ní, “Èyí ò tíì kú, òjò ò sì tíì bà á jẹ́. Ya ìyẹn fún mi ná.”

Ife yẹn fojú mi rí màbo. Mo yà á tó dà nù, mo yà á tó fẹ̀ nídìí bí ìyá ọlọ́mọ. Bàbá á wá dúró lẹ́yìn mi, á ní, “Èyí tó wà lọ́kàn rẹ lo tún ń yà. Wo èyí tó wà lórí tábìlì.” Nígbà tó yá, ó gbé ẹyin fún mi, ó gbé bàtà fún mi, ó ní kí alápatà yọ̀ǹda ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ alápatà yẹn ni mo kọ́kọ́ yà tó dára. Bàbá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, “Ọwọ́ yìí lè di nǹkan mú.” Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀nà jíjìn ni mo gbà lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, kí inú dídùn náà má baà tètè tán.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bàbá kọ́ ojú mi láti máa wò, kò kọ́ ọ láti ṣíwọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rí ọkọ mi káàkiri ìlú ní wẹ́wẹ́. Etí rẹ̀ wà lára ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn. Mo rí ẹ̀bátí rẹ̀ lára onímọ́tò kan. Ẹnìkan wà ní ilé ìfowópamọ́ tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo bíi tirẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi béèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo ń kó wọn jọ bí ẹni ń ṣa àkísà, mo rò pé bí n bá rán wọn pọ̀, á di odidi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí ọkùnrin kan níwájú mi lójú ọ̀nà. Ọrùn ọkọ mi ni. Bí irun ṣe parí sí i lẹ́yìn, bí ó ṣe ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń gbọ́ nǹkan. Mo tẹ̀ lé e. Mo kọjá ilé wa, mo kọjá ọjà bàtà, mo ń tẹ̀ lé e ṣáá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ̀. Ó dúró, ó yíjú padà, ojú ẹlòmíì ló wà lórí ọrùn yẹn, ojú rere kan tó ti rẹ̀.

Ó ní, “Ṣé ẹ mọ̀ mí ni, mà?”

“Rárá o. Ẹ jọ ẹnìkan ni.”

“Onítọ̀hún ńkọ́?”

Mo ní, “Ó jáde.”

Ó kí mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn bà mí lẹ́rù. Mo dúró sójú kan náà, mo ń bi ara mi pé ta ni mo ń dúró dè.

Jẹ́ kí n wá sọ ti Màmá. O mọ bó ṣe rí lẹ́yìn ìsìnkú kí o tó padà: tí a bá pè é, á dáhùn, àmọ́ kò jẹ́ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà. Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀ rárá, èmi náà ò dárúkọ rẹ̀, àwa méjèèjì ń rìn yí i ká nínú ilé bí ẹni ń rìn yí kànga ká. Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń kó àwọn àwòrán mi sí. Ṣùgbọ́n mo ti iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó di ọ̀kan nínú wọn mú, ó na ọwọ́ jìnnà sójú bó ṣe máa ń ṣe.

Ó ní, “Iwájú orí yìí ti ga jù.”

Mo ní, “Ti ta ni, Màmá?”

“Ọmọ mi kọ́ lo ń yà ni?”

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní òun ni. Ó ní kí n lọ mú pẹ́ńsù wá.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti wọlé, Màmá á ti gbé àga méjì sí ojú fèrèsé nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé. Á máa sọ, èmi á máa yà. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún ju báyìí lọ. Ó ní ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin fi máa ń jowú. Ó ní kí n fi èjí sáàárín eyín òkè. Ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìmú tí mo yà, ó bú mi lẹ́ẹ̀kan pé ọwọ́ mi le bí ọwọ́ ẹni ń gún nǹkan. Ayọ̀ mi kún, mo rò pé mo ti rí oògùn ilé wa. Mo ń pa ohun tí mo bá yà rẹ́ bó ṣe ní kí n pa á rẹ́, mo ń ṣe bó ṣe ní kí n ṣe. Ó wá ní kí n fi àpá sí abẹ́ àgbọ̀n, níhà òsì.

Mo ní, “Màmá, kò ní àpá níbẹ̀.”

“Ta ló bí i?”

Mo fi àpá síbẹ̀.

Nígbà tó parí, mo gbé e jìnnà, mo wò ó. Ọmọdé ni. Ọmọ tí kò ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín lọ, mi ò sì rí i rí. Mo fẹ́ sọ fún ara mi pé ojú ọkọ mi nígbà kékeré ni, àmọ́ kì í ṣe òun. Bí mo tilẹ̀ gbàgbé ojú ọkọ mi, bí mo bá rí i, n óò dá a mọ̀. Ọmọ yìí ń wò mí bí ọmọ tó ti iléèwé dé tó bá àjèjì nílé bàbá rẹ̀. Ọwọ́ mi ló yà á o, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Gbogbo ìlà ara rẹ̀ ni mo mọ ìgbà tí mo fà á. Síbẹ̀ mi ò mọ ibi tó ti wá.

Màmá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pálọ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ní àárọ̀, kó tó bọ́jú, á kọ́kọ́ lọ kí i. “Ṣé o jí dáadáa?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí n bá ń kọjá níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Màmá ń wẹ̀, mo tú u kúrò, mo kì í sábẹ́ aṣọ. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a lára ògiri. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, “Ó ti pẹ́ jù tó ti wà lábẹ́ nǹkan.”

Èyí tó burú jù nìyí. Bí mo bá di ojú láti wá ọkọ mi, ọmọ yẹn ló ń wá. Ibi tó ṣófo yẹn, tí mo ń ṣọ́ fún onínǹkan, ọmọ náà ti wá jókòó sí i. Mo ní mo fẹ́ fi pẹ́ńsù mú ojú ọkọ mi, pẹ́ńsù náà ló wá gba ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ mi. Mo ju pẹ́ńsù sílẹ̀, mi ò lọ síbi ẹ̀kọ́ mọ́. Nígbà tí Bàbá Onípátákó pàdé mi lẹ́nu ilé ìkàwé tó béèrè ohun tó dé, mo rò ó fún un. Ó ní ọwọ́ mi kò ṣẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún un ló yà. Ó ní kí n lọ bi ẹni tó sọ ọ́. Mi ò láyà láti béèrè. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé Màmá ti ń ṣarán, mo sì ti ń to ọ̀rọ̀ tí n óò kọ sí ọ pé kí o wá, kí a jọ gbé e lọ rí dókítà.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n Màmá fi dé, Màmá Onígíláàsì wa. O mọ̀ pé kì í wọlé láìbú àtẹ̀gùn ilé yìí. Ó ti bú u láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, “Ẹni tó kọ́ ilé yìí, ìyá rẹ̀ kò—” ọ̀rọ̀ sì gé mọ́ ọn lẹ́nu. Àpò tó gbé bọ́ sílẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

Ó ní, “Ta ló mú ọmọ yìí wá síbí?”

Màmá ní, “Ìyàwó ni.”

Màmá Onígíláàsì sún mọ́ ògiri, ó fi ìka kan àpá abẹ́ àgbọ̀n yẹn. Ó pe orúkọ kan. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, mi ò gbọ́ orúkọ náà rí. Màmá tó ń yí ọbẹ̀ lọ́wọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ojú ọ̀nà ilé ìdáná, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀ tí kò sì tíì mọ bí a ṣe ń dúró láìrù ú.

Ọ̀rẹ́ mi, jókòó kí o tó ka ìyókù. Ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́ ni àkọ́bí. Màmá bí ọkùnrin kan ṣáájú rẹ̀. Ó ti ń lọ síléèwé, ó ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó ti gba àpá sí abẹ́ àgbọ̀n, ó ti ń ka lẹ́tà fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ Bàbá yín ń kó wọn láti ìlú kan sí òmíràn, ibà gbé ọmọ náà dè lójú ọ̀nà, ó sì kú ní ìlú tí wọn ò mọ ẹnìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ọkọ̀ tó kó ẹrù wọn kò lè dúró, wọ́n ní láti máa lọ. Màmá ní òun ń wo ẹ̀yìn láti inú ọkọ̀ títí tí òun kò fi rí igi kankan dá mọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, Bàbá yín ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí ìbànújẹ́ má baà bá àwọn ọmọ tí wọ́n máa bí dàgbà. Kì í ṣe ìkà ló fi ṣe. Màmá ní ó máa ń sunkún nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú omi ẹ̀rọ tó ń dà. Ẹ̀gbọ́n rẹ dé, ó wọ aṣọ ọmọ tó lọ, ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Ìwọ náà tẹ̀ lé e. Gbogbo wa la ti jókòó jẹun nínú ilé yẹn tí a rò pé a mọ iye ẹni tó wà nílé.

Màmá wá wò mí. Ohun tó sọ kò kúrò létí mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó ní, “Lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ fún mi pé ó já bọ́, àkọ́bí mi ló wá sí mi lójú. Mo ń wá èkejì, mi ò rí i. Títí di òní, mi ò rí ojú rẹ̀. Ojú tì mí láti sọ fún ọ. Báwo ni ìyá ṣe ń gbàgbé ojú ọmọ rẹ̀? Nígbà tí mo rí ọ tí o ń yà á, mo ní bóyá ìwọ lo máa bá mi rí i. Mo la ẹnu láti sọ bó ṣe rí, èyí tí mo mọ̀ ló ń jáde.”

Mo ti ń rò pé èmi nìkan ni mo ń wá a kiri. A jọ ń wá a nínú ilé kan náà, oníkálukú ń fi pa mọ́ fún ẹnìkejì. Mo lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sọ fún un pé èmi náà ti gbàgbé. Mo sọ ti àpótí àwòrán fún un. Màmá Onígíláàsì ló pa iná ọbẹ̀, ó ti jóná.

Bàbá Onípátákó máa ń ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo padà síbi ẹ̀kọ́. Mo ya ife, mo tún ya bàtà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi nílé ní àárọ̀, mi ò ronú ohunkóhun, mo mú pẹ́ńsù, mo bẹ̀rẹ̀ sí fa ìlà. Ẹ̀yìn ọkùnrin ni. Mi ò wá a, òun fúnra rẹ̀ ló wá. Èmi ni mo ń rán gbogbo ẹ̀wù rẹ̀. Mo mọ ìbú ẹ̀yìn yẹn, mo mọ̀ pé èjìká ọ̀tún rẹ̀ rẹlẹ̀ ju tòsì lọ nítorí àkàbà tó ń gbé, tí mo fi máa ń dín aṣọ níbẹ̀ díẹ̀ kó lè gún. Mo ya àkàbà náà. Mo ya bẹ́líìtì tó fi ń kó irinṣẹ́. Mo ya ẹnu ọ̀nà wa, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ níta. Ọwọ́ mi ń sáré, mi ò pa ìlà kan rẹ́. Nígbà tí mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ọkọ mi dúró níwájú mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń jáde lọ síbi iṣẹ́.

Mo gbé e lọ bá Màmá. Mo ń retí kó ní èjìká ti fẹ̀ jù. Ó wò ó, ó wò ó.

Ó ní, “Òun nìyí.”

Mo ní, “Màmá, bóyá tí mo bá gbìyànjú, mo lè jẹ́ kó yíjú sí wa díẹ̀.”

Ó fi ọwọ́ bo ọwọ́ mi tó di pẹ́ńsù mú. Ó ní, “Fi í sílẹ̀. Bó bá yíjú, a ò ní lè jẹ́ kó lọ.”

Àwọn méjèèjì ló wà lára ògiri báyìí. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé ẹ̀rù kì í bà mí mọ́. Nígbà míì tí mo bá ń gbálẹ̀ pálọ̀, mo máa ń dúró lójijì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo ń wo ẹ̀yìn yẹn. Àmọ́ mo ti ń gbá ilẹ̀ náà dé ìdí ògiri.

Mo ti tún àwòrán àwọn méjèèjì yà fún ọ, wọ́n wà nínú àpòòwé yìí. Fi han àwọn ọmọ. Sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn méjì ni. Orúkọ èyí kékeré, Màmá ní n kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, òun fẹ́ fi ẹnu ara òun sọ ọ́ fún ọ. Nítorí náà, wá o. Ara rẹ̀ le, àmọ́ àgbà ni. Màmá Onígíláàsì ní kí n kí ọ, ó ní tí o bá ń bọ̀, kí o múra sílẹ̀ fún àtẹ̀gùn. Alápatà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ fi òdòdó kan ránṣẹ́ sí ọ, ó wà lẹ́yìn bébà kejì. Òun ló yà á, má jẹ́ kí baálé rẹ jowú. Kí àwọn ọmọ fún mi, kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ìyàwó yín àti ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,

Abẹ́rẹ́.